Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òwẹnà

Ọjọ́ kẹta tí mo ra máṣíìnì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún àwọn ará ilé mi pé mo ti mọ̀ ọ́n gùn. Irọ́ náà kò le. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Isikan, ní Àkúrẹ́, láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì nípọn bí àpótí, ta ló fẹ́ pè é ní onírọ́? Wọ́n gbà mí gbọ́. Èmi tí mo pa irọ́ náà nìkan ni mi ò gbà á gbọ́.

Ẹ̀rù máṣíìnì ń bà mí. Mo kúkú sọ ọ́ báyìí, ó ti sú mi láti máa fi í pamọ́. Mi ò ṣubú lórí rẹ̀ rí, mi ò sì mọ ẹnikẹ́ni tó tipa rẹ̀ kú. Ẹ̀rù rẹ̀ kàn ń bà mí ni, bí àwọn mìíràn ṣe máa ń sá fún ajá. Nígbàkigbà tí mo bá wà lẹ́yìn ọlọ́kadà, ojú mi á wà ní dídi, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á sì máa tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, màá gbọn ṣòkòtò mi, màá sì ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ọdún yẹn, ọdún tí owó epo bẹntiróòlù fò sókè láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, kò fún ẹnikẹ́ni láàyè láti yan ohun tó fẹ́ máa bẹ̀rù. Àwọn tí tẹlifíṣọ̀n wọn bàjẹ́ kò gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ nítorí owó ọkọ̀. Wọ́n á pè mí pé kí n wá wò ó nílé. Tí mo bá wọ ọkọ̀ lọ, tí mo tún wọ ọkọ̀ bọ̀, ohun tí mo rí níbẹ̀ á ti bá ọ̀nà lọ. Monílọ́lá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dárúkọ máṣíìnì. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi.

Ọwọ́ Akínsànyà ni mo ti rà á. Ẹ̀yìn ilé wa ló ń gbé, ó sì ti fi máṣíìnì náà lọ sí oko rẹ̀ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá kí ó tó di pé ọmọ rẹ̀ ní kí ó máa bọ̀ wá bá òun gbé ní Ìbàdàn. Máṣíìnì náà ti pupa rí. Nígbà tí mo fi máa rà á, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pe àwọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó yẹ kó máa ka eré dúró sí ọgọ́ta, bó o wà lórí ìrìn, bó o gbé e síbi kan tí o lọ sùn. Akínsànyà fi akoto rẹ̀ kún un fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Akoto náà há mi lórí débi pé nígbà tí mo bá dé e, èémí ara mi nìkan ni mò ń gbọ́.

Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ ta á kí ó tó dún, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì fún kílọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ pàrọ̀ jíà. Nígbà tó parí gbogbo rẹ̀, ó wá sún mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ fi ogún hàn mí.

"Táíyé," ó ní, "èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti ń lọ sísàlẹ̀, pa ẹ́ńjìnnì. Fi sí fíríì, jẹ́ kó máa yí lọ fúnra rẹ̀. O ò ní jó epo kankan."

Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo ọlọ́kadà Àkúrẹ́ ló ń ṣe é lọ́dún náà, àwọn onímọ́tò pàápàá ń ṣe é. Ẹ óò dúró létí títì, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ óò kàn rí i tí máṣíìnì kan pẹ̀lú èrò méjì yọ sí yín láti òkè. Àwọn ará ìlú wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ojú sọdá títì, torí etí ò wúlò mọ́.

Wàhálà tèmi ni pé mi ò lè rí fíríì yẹn, ibi tí jíà kankan kò ti mú, tí mi ò bá dúró. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá a lórí eré. Èmi, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, jíà kìíní. Tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, jíà kejì. Nítorí náà, tí mo bá ti dé orí òkè, màá dúró pátápátá, màá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tilẹ̀, màá tẹjú mọ́ iná kékeré tó ń tàn tí fíríì bá wọlé. Tó bá ti tàn, màá pa ẹ́ńjìnnì, màá ti ẹnu epo, màá wá fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀ sẹ́yìn kí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ. Mo gbọ́ pé àwọn aládùúgbò kan rò pé àdúrà ni mo máa ń dúró gbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gùn ún báyìí láàárín ìlú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣàkíyèsí pé bíréèkì ń lọ sísàlẹ̀ jù kí ó tó mú. Ti iwájú, okùn rẹ̀ ti já kí n tó rà á, Akínsànyà ní òun kì í lò ó. Ti ẹ̀yìn nìkan ló kù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Kìtán, mẹkáníìkì tó wà ní ìkóríta wa, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé. Ó tú táyà ẹ̀yìn, ó fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ó ti jẹ tán, irin ló kù. Bí ẹ bá ń fi í lọ s'úṣẹ́ nítòsí, ẹ rọra. Ẹ má gbé e lọ sọ́nà jíjìn rárá."

"Ìgbà wo ni kí n gbé e wá?"

"Ó ti wà níbí. Ẹ jẹ́ á pàrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí."

Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló bà mí jẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ fún tẹlifíṣọ̀n àwọn ènìyàn pé kí ó ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tó sì ń gbọ́ràn. Mo lè wo ohun tó ti ń kú lọ, kí n fi wáyà kan so ó, kí ó tún lo oṣù mẹ́fà. Mi ò rántí pé tẹlifíṣọ̀n kì í gbé ọmọ ẹni sẹ́yìn sáré. Kìtán wo ojú mi, ó de táyà náà padà.

Ọjọ́ Tuesday ni èyí ṣẹlẹ̀. Ní Thursday ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n pe Bísọ́lá, ọmọ mi obìnrin, fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Oǹdó. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn tí ó ń gbìyànjú àtiwọlé, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá pẹ́ kí ó má wulẹ̀ wọlé. Láago mẹ́fà ló ti lọ sí gárèèjì. Láago méje ó ti padà dé, gèlè rẹ̀ ti tú, ojú rẹ̀ pọ́n. Epo wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, ọkọ̀ méjì péré ló jáde lọ sí Oǹdó, àwọn ènìyàn sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó jókòó sórí àga nínú pálọ̀, ó gbé báàgì tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lé ẹsẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mi ò lè gbà mọ́ra. Ká ní ó pariwo ni, n bá bá a pariwo, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀.

"Dìde," ni mo wí. "Èmi ni n ó gbé ọ lọ."

Monílọ́lá yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá Bísọ́lá, ṣé ẹ ti gbé máṣíìnì yẹn kọjá ìlú rí?"

"Kí lo rò pé mò ń fi ṣe láti ọjọ́ yìí? Ṣeré?"

"Mo kàn bèèrè ni."

"Bíréèkì rẹ̀ ńkọ́, Dádì?" Bísọ́lá ló bèèrè ìyẹn. Ó ti gbọ́ tí ó ń han lọ́jọ́ kan.

"Kìtán ti tú u wò," mo ní. Òótọ́ ni, Kìtán tú u wò. Mo rí i tí ojú ọmọ náà tàn, mo sì gbé akoto mi dé kí n má bàa rí i mọ́.

A fi rọ́bà de báàgì rẹ̀ sáàárín èmi àti òun lórí ìjókòó, kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ má bàa bọ́ sọ́nà. Bísọ́lá kò dì mí mú. Irin tó wà lẹ́yìn ìjókòó ló dì mú, báàgì náà ló sì ń kàn mí lẹ́yìn. Nígbà tí a kúrò nílé, ọwọ́ mi ti ń rin fún òógùn.

Ẹ̀rù tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò tó nǹkan kan. Mo rò pé mo mọ ẹ̀rù láàárín ìlú, àṣé eré ni mò ń ṣe. Bí a ṣe jáde sí ọ̀nà Oǹdó, tírélà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tì mí lọ sí eteetí títì bí ọwọ́ ènìyàn. Mo ké. Akoto gbé ohùn náà mì, kò jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún wá ń wo gbogbo ihò inú títì, gbogbo ewúrẹ́, gbogbo ewé tó bá mì, mo ń rò ó pé èyí ni yóò pa wá. Ọrùn mi le gbagidi. Mi ò lè yí i sí ọ̀tún tàbí òsì, torí mo gbà lọ́kàn pé tí n bá yí orí, máṣíìnì á bá orí náà lọ.

A kọjá Àpọ́nmù. Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Epo inú rẹ̀ kò pọ̀, mi ò sì mọ ibi tí mo ti máa rí òmíràn rà ní Oǹdó tí màá fi gbé wa padà, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí Akínsànyà kọ́ mi. Mo dúró lókè, mo wá fíríì, mo pa á, mo jẹ́ kó yí lọ. Èyí àkọ́kọ́ dára. Èyí kejì, nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo tẹ bíréèkì, ó lọ sísàlẹ̀ pátápátá kí ó tó rọra mú, mo sì gbóòórùn nǹkan tó ń jóná.

"Dádì, ṣé kò sí nǹkan?" Bísọ́lá fẹnu sún mọ́ akoto mi kí n lè gbọ́.

"Kí ló fẹ́ ṣe é?" mo ní. Mo tún ta á, a ń lọ.

Ọlọ́run mọ̀ pé ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Mo mọ̀ nígbà yẹn. Mi ò ní irọ́ kankan láti pa fún ara mi lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n agogo ti ń lọ sí mẹ́sàn-án, ọmọ mi sì wà lẹ́yìn mi, mo sì ti sọ fún un pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Báyìí ni a ṣe dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òwẹnà.

Ó gùn. Láti òkè, mo ń rí afárá odò nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo ń rí àwọn tó ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì ń rí bí títì ṣe tún gòkè lọ lódìkejì. Mo dúró. Mo tẹ jíà, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo ń wá fíríì náà. Mo gbọ́ ohùn Bísọ́lá lẹ́yìn mi, mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Mo ní, "Ó dáa, ó dáa." Iná kékeré náà tàn. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ti ẹnu epo, mo ta ilẹ̀ sẹ́yìn, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Kò pẹ́ rárá tó fi di eré. Mo tẹ bíréèkì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo tún tẹ̀ ẹ́, irin lu irin, ó han goooro, kò sì dín eré kankan kù. Ẹni tó mọ máṣíìnì gùn ì bá ti fi jíà sí i, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ fà á sẹ́yìn. Kìtán ló sọ èyí fún mi lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ti fò lọ kúrò lórí mi. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ọmọ mi wà lẹ́yìn mi.

"Bísọ́lá, dì mí mú!" mo pariwo. "Fi irin yẹn sílẹ̀, èmi ni kí o dì mú! Má bẹ́ o! Má bẹ́!"

Kò dáhùn. Mo rò pé ẹ̀rù ti pa á lẹ́nu mọ́. Báàgì náà ń lù mí lẹ́yìn, mo sì rò pé òun ló ń gbọ̀n.

"Bísọ́lá, mo purọ́ fún yín!" Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. "Mi ò mọ̀ ọ́n gùn! Kìtán ní kí n má gbé e lọ sọ́nà jíjìn! Ó ní bíréèkì ti tán, ó sọ fún mi ní Tuesday, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Mo mọ̀, Bísọ́lá! Mo mọ̀ kí n tó gbé ọ! Jọ̀ọ́, Olúwa, èmi ni kí O mú, jẹ́ kí ọmọ yìí bọ́ sórí koríko!"

Omijé bo ojú mi. Òwẹnà ń bọ̀ wá bá mi. Bọ́ọ̀sì kan dúró ní apá ọ̀tún, ó ń já èrò, obìnrin kan sì gbé bàsíà ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, ó fẹ́ kọjá níwájú bọ́ọ̀sì náà. Mo fẹ́ fọn fèrè, mi ò rí ibi tó wà. Mo kígbe. Obìnrin náà fò sẹ́yìn, bàsíà ṣubú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tú sí títì, mo gba àárín wọn kọjá. Mo gbọ́ tí awakọ̀ náà ń pariwo, "Oga, you wan die?" Afárá kọjá lábẹ́ mi. Mi ò rí odò. Ọ̀nà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ó rọra, ó rọra, títí mo fi lè fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀. Ó dúró.

A ò kú. Mo sọ ọ́ sókè. "Bísọ́lá, a ò kú o." Mo sì yí ọrùn mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti kúrò ní Àkúrẹ́.

Kò sí ẹnìkan lẹ́yìn mi. Báàgì náà wà níbẹ̀, rọ́bà ṣì dè é dáadáa. Ìjókòó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣófo.

Mi ò lè ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ara mi. Mo jẹ́ kí máṣíìnì náà ṣubú síbi tó wù ú. Mo sáré padà kọjá afárá, mo ń wo títì, mo ń wo gọ́tà, mo ń wo igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo ń wá aṣọ funfun tó wọ̀. Àwọn ènìyàn ń bá mi sọ̀rọ̀. Obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ di aṣọ mi mú, mo já a gbà. Mo ń ronú ohun tí màá sọ fún Monílọ́lá, bí mo ṣe máa wọlé, ẹsẹ̀ wo ni màá kọ́kọ́ gbé. Mo rí òkú ọmọ mi nínú gbogbo nǹkan tó bá funfun létí ọ̀nà, nínú ọ̀rá, nínú àpò sìmẹ́ǹtì.

Mo ti ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà dé ìdajì nígbà tí mo rí ẹnìkan tó ń sáré bọ̀ láti òkè. Ó fi bàtà méjèèjì dání, ẹsẹ̀ lásán ló ń fi sáré, ó ń ké "Dádì! Dádì!" bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Bísọ́lá ni. Mo dì í mú. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, mo fọwọ́ kan apá rẹ̀, mo tún padà síbi orí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbì kankan. Ó ń sunkún débi pé kò lè mí dáadáa.

"Mo rò pé ẹ ti kú," ó ní. "Mo dúró lókè, mò ń wò yín, ẹ sì ń lọ. Mo pè yín, mo pè yín."

"Níbo lo ti já bọ́?"

"Mi ò já bọ́. Bàtà mi kan ló bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ dúró. Mo ní, Dádì, ẹ dúró kí n mú bàtà mi. Ẹ ní ó dáa, ó dáa. Mo sọ̀ kalẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ mú un, ẹ ti lọ." Ó nu imú. "Ẹ ò mọ̀ pé mi ò sí lẹ́yìn yín?"

"Mi ò mọ̀."

Ó tún dì mọ́ mi. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ohùn tí ènìyàn fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀: "Bíréèkì ló já lójijì, àbí? Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì. Kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Gbogbo ohun tí mo jẹ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, báàgì ni mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Tí mo bá kàn mi orí báyìí, tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó já lójijì, ọ̀rọ̀ parí. Yóò sọ ìtàn náà fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn yóò sì ní kí n wá dúpẹ́ níwájú gbogbo ìjọ. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ ẹ gan-an.

"Kò já lójijì," mo ní. "Kìtán tú u ní Tuesday, ó ní ó ti tán. Ó ní kí n má gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Mo sì tún purọ́ pé mo mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí láti ọjọ́ tí mo ti rà á."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára mi. Kò yọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó kàn rọra yọ ọ́.

"Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ní kí n jókòó sẹ́yìn."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀, èyí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà èkejì. A jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Mo bá obìnrin náà ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, mo ń tọrọ àforíjì, ó sì ń bú mi bó ṣe yẹ kí wọ́n bú mi. Nígbà tó rí ojú Bísọ́lá, tó sì gbọ́ ibi tó ń lọ, ó fi èébú sílẹ̀, ó sáré bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà sọ̀rọ̀. Oǹdó ni bọ́ọ̀sì náà ń lọ. Àwọn èrò inú rẹ̀ fún ara wọn, wọ́n ṣe àyè kan fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí máṣíìnì mi ṣubú sí, awakọ̀ dúró kí ó lè mú báàgì rẹ̀. Èmi náà sáré lẹ́yìn ọkọ̀ wá tú rọ́bà náà. Mi ò rí i tú tán, òun fúnra rẹ̀ ló parí rẹ̀.

"Ẹ máa fi ọwọ́ tì í wá," ó ní. "Ẹ má gùn ún."

"Mi ò ní gùn ún."

Ó wọ ọkọ̀, wọ́n lọ.

Mo gbé máṣíìnì náà dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Òkè ni. Oòrùn ti mú. Màá tì í ní ogún ìgbésẹ̀, màá sinmi, màá tún tì í. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mi ò sì tíì jìnnà, nígbà tí ọkùnrin kan jáde láti inú oko kòkó, àdá lọ́wọ́, agbọ̀n léjìká. Ó kí mi kú iṣẹ́.

"Ṣé epo ló tán ni?" ó bi mí.

Lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tí kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Epo gbogbo ayé ló ń tán. Mo la ẹnu láti ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá o," mo ní. "Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú mi, ó dákẹ́. Fóònù mi dún lápò. Bísọ́lá ni.

"Mo ti dé, Dádì. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Wọ́n ti fún mi ní nọ́ńbà."

"Ọlọ́run ṣeun. Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi."

"Níbo lẹ wà?"

"Mi ò tíì jìnnà sí Òwẹnà. Mò ń tì í."

"Ẹ ò gùn ún?"

"Mi ò gùn ún."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọbìnrin mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ka nọ́ńbà.

"Dádì, ṣé ẹnìkan wà nítòsí yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá kan wà níbí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní fóònù."

Ọmọ mi yìí ló máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ohun tí Dádì òun bá ti sọ, ó ti rí bẹ́ẹ̀. Mo na fóònù náà sí ọkùnrin tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó wo máṣíìnì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi," ó wí sínú fóònù. "Òótọ́ ni. Ó ń tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀." Ó tún fetí sílẹ̀. "Ó dáa. N ó ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó dá fóònù padà fún mi.

"Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun máa wò yín títí ẹ óò fi gun òkè yìí tán," ó ní.

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ padà sí èjìká, ó bọ́ sẹ́yìn mi. Mo tẹ̀ mọ́ máṣíìnì náà, mo tún ń tì í lọ, mo sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi títí a fi dé òkè.